Apòògùn Tí Kò Lè Fi Ojú Purọ́

Bí ẹ bá ní àṣírí tí ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ má gbé e sójú apòògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, kí wọ́n tó bi í léèrè ni ojú rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Nígbà tó dàgbà tó di ọ̀gá nínú yàrá oògùn ilé ìwòsàn, tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹnì kan ga lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì á ti kà á ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìwé tó jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ojúlọ̀rọ̀wà. Ó ń jẹ́ orúkọ náà, kò sì bínú, nítorí ta ni yóò máa bá òtítọ́ jà?

Ẹ wá wo ayé. Ọkùnrin yìí gan-an ni dókítà àgbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé wá mú, pé kó máa pa àṣírí tó tóbi jù lọ nínú ilé ìwòsàn náà mọ́.

Àṣírí ọ̀hún rèé. Nígbà tí ọmọ bá ṣì wà nínú ikùn, kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Nítorí náà, Ọlọ́run ṣí ọ̀nà àbùjá kékeré kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọkàn rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá láì yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọmọ bá ti délé ayé, tó sì ké, ọ̀nà yẹn a máa padé fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kánjú wá, ọ̀nà tirẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀jẹ̀ á máa ya wọ ẹ̀dọ̀fóró, mímí á di iṣẹ́ ńlá fún ọmọ. Oògùn kan wà tó lè ran ọ̀nà náà lọ́wọ́ láti padé, ṣùgbọ́n oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀: ó lè dààmú kíndìnrín, ó sì lè dààmú ìfun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà tí ọ̀nà tiwọn á padé láìlo oògùn kankan. Ṣé kí wọ́n tètè fún ọmọ ní oògùn ni, àbí kí wọ́n dúró, kí wọ́n máa wò ó? Àwọn dókítà ti jiyàn lórí rẹ̀ títí, ẹnu ti ń ro wọ́n.

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n," dókítà àgbà sọ. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń dán an wò. Àwọn àpòòwé kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù alágàdágodo tó wà ní yàrá oògùn, wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pa, nọ́ńbà wà lára wọn. Bí òbí ọmọ kan bá buwọ́ lùwé pé òun gbà, apòògùn á mú àpòòwé tó kàn, á tú u, á wo ohun tí ìbò mú. Bóyá oògùn ni, bóyá omi oníyọ̀ lásán ni. Méjèèjì mọ́ gaara, kò sí ojú tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Á fà á sínú síríǹjì, á kọ nọ́ńbà sí i lára, á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà kò gbọ́dọ̀ mọ̀, nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ mọ̀, ìyá ọmọ kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó wà nínú síríǹjì, ohun tó ń retí ni yóò máa rí lára ọmọ. Apòògùn nìkan ló mọ̀.

Wọ́n bi dókítà àgbà pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ojúlọ̀rọ̀wà, nínú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹni tí kò lè purọ́ ni òun ń fẹ́ kó máa kọ ìwé òun. "Ní ti ojú rẹ̀, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

Nǹkan tí wọ́n ṣe sí i náà ni pé apòògùn lọ ra awò dúdú. Ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ó fi awò dúdú bo ojú, ó wá ń gbé síríǹjì wọ wọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ lọ ja báńkì lólè.

"Bàbá, ṣé oòrùn ń ràn nínú wọ́ọ̀dù wa ni?" nọ́ọ̀sì àgbà a máa bi í.

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe o. Ẹ jẹ́ n ráyè."

Ọmọ mọ́kànlélógún ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá báyìí, àṣírí kan kò sì tú. Orí rẹ̀ ti ń wú. Ó ní òun ti rí ojú òun mú so.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n gbé ìwé ọmọ tuntun wá láti wọ́ọ̀dù. Ó ka orúkọ ìyá ọmọ, ó tún un kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ìyá wọn kú, apòògùn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹsẹ̀ ló fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ dalẹ́ títí àbúrò rẹ̀ fi di ẹni tó ń wọ kóòtù funfun. Ojú télọ̀ ló ní: bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan látòkè délẹ̀, ó ti mọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí rẹ̀, téèpù kàn wà lọ́rùn rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà sì ti ń wojú Olúwa fún ọdún mẹ́jọ kó tó lóyún. Oyún ọ̀hún ló bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ṣáájú àkókò. Ó bí obìnrin, kò wúwo tó kílò kan. Ọmọ náà wà nínú àpótí onígíláàsì, wáyà lára rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín nímú rẹ̀. Dókítà sì ti fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀: ọ̀nà àbùjá yẹn ṣí gbayawu.

Apòògùn gbé fóònù. Ẹnì kejì tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó wà nílé.

"Dókítà, ọmọ tí ẹ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ yìí, ọmọ wa ni. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé pé ẹbí ni yín, kí gbogbo ayé lè rí i kà. Tó o bá ní o ò lè ṣe é, a máa yọ ọmọ náà kúrò nínú ètò, kò sí ẹni tó máa bá ẹ wí. Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, mà."

"Rántí o. Tí mímí ọmọ yẹn bá burú sí i, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ojúlówó oògùn ni màá fún un lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kó wà nínú síríǹjì ẹ."

Ó tú àpòòwé. Ẹ̀yin kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ò sì mọ ilé rẹ̀, nítorí náà mo lè sọ ọ́ fún yín: omi ni.

Ó jókòó. Ìgò oògùn wà lórí pẹpẹ, kò ju kó na ọwọ́ lọ. Èmi ò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n bò ó láṣìírí: ó wo ìgò náà, ó wò ó pẹ́. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ó rántí pé nínú ọmọ mọ́kànlélógún tó ti tọwọ́ òun kọjá, mọ́kànlá ló gba omi, àwọn náà sì ní ìyá, ìyá wọn sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó fa omi sínú síríǹjì, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó wọ ìbòmú, ó wọ awò dúdú, ó gbọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń fi àwọn gígé aṣọ rán fìlà pénpé fún gbogbo ọmọ tó wà nínú wọ́ọ̀dù. Ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ó tún wo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí abẹ́rẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́.

"Oògùn ni! Ẹ bá mi yọ̀ o, oògùn ni wọ́n fún ọmọ wa! Mo ti rí i lójú àbúrò mi, ojú rẹ̀ ò sì parọ́ rí."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Ta ló sọ fún wa? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ojú ni mo fi rí i. Fẹ̀yìn tì jàre, kó o sinmi."

Ọmọbìnrin náà kò tíì fojú kan oorun láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fẹ̀yìn ti àga, kí nọ́ọ̀sì àgbà tó gba síríǹjì tán, ó ti sùn, ó lanu sílẹ̀, ó ń hanrun bí àgbẹ̀ tó ti oko ebè bọ̀.

Apòògùn dúró síbẹ̀. Bó bá ní kì í ṣe oògùn, ó ti tú àṣírí. Bó bá dákẹ́, ó dà bí ẹni tó gbà. Ó yí padà, ó fi awò dúdú rẹ̀ kọlu òpó ilẹ̀kùn, ó sá lọ.

Kò tó wákàtí kan tí dókítà àgbà fi ránṣẹ́ pè é.

"Yọ awò yẹn. Ṣé o sọ nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà."

Dókítà wo ojú rẹ̀. Ojú náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ò ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ sí. Àná ló ní ọmọ tó wà ní àpótí kejì máa di adájọ́." Bẹ́ẹ̀ ló dà bíi pé ó rántí nǹkan, ó fò yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri. "Wọ awò ẹ padà! Kíákíá, kí n má lọ rí èyí tó kù níbẹ̀! Máa lọ, máa lọ!"

Lọ́jọ́rú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a lójú fèrèsé yàrá oògùn. Ó fa nǹkan yọ nínú báàgì. Fìlà ni, aláwọ̀ búlúù, aṣọ kan náà tó fi rán ti àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù. Ó ní abetí méjì tó bo etí, àti okùn tí wọ́n ń so sábẹ́ àgbọ̀n.

"Òtútù inú yàrá yín yìí pọ̀ jù. Gbà, dé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlagbà ni mí."

"Òtútù ò mọ àgbà. Dé e kí n rí i."

Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bá a jiyàn? Apòògùn dé fìlà. Nígbà tó gbé síríǹjì kejì wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìbòmú, pẹ̀lú awò dúdú, pẹ̀lú fìlà ọmọ ọwọ́ tó so sábẹ́ àgbọ̀n, nọ́ọ̀sì àgbà di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tó ti bímọ. "Áńkù, ó yẹ yín o," ló wí. Inú apòògùn dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó wà nínú síríǹjì, inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ló wá le. Ó gbé síríǹjì kẹta dé, ó bá ẹ̀rọ tó ń ké lórí àpótí ọmọ wọn. Mímí ọmọ náà ti yára jù, nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ ń wálẹ̀. Dókítà àgbà fi ìka méjì kan àyà ọmọ náà, àyà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó fi afẹ́fẹ́ kún un, ó dúró, ó ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní wákàtí méjì," ló sọ níkẹyìn. "Tí kò bá balẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ ojúlówó oògùn. Mi ò ní kúrò níbí."

Apòògùn mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ kankan kò sí nínú ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó gbé síríǹjì fún nọ́ọ̀sì àgbà, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pinnu: bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní nǹkan kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín..."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìbòmú rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ó mi orí pé rárá.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ wá nǹkan fi sẹ́nu, tó o bá padà dé, a máa sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Ó ra búrẹ́dì, kò lè gbé e mì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń wo aago bí ẹni tí aago jẹ ní gbèsè. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe é. Ó ní, wo bó ṣe gbà mí gbọ́ tó, wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀, lórí omi oníyọ̀! Nígbà tí wákàtí méjì pé, ó dìde. Ó wọ wọ́ọ̀dù, ó bá nọ́ọ̀sì àgbà tó ń fi òṣùwọ̀n wọn ìlédìí ọmọ náà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó tọ̀ dáadáa," nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ó ti ń gòkè. Ẹni kékeré yìí kàn fẹ́ ká sáré ni."

Dókítà àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, ó fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́. "Kò nílò ojúlówó oògùn lónìí. Ó di ọ̀la."

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wọn rọ̀gbà yí àpótí náà ká. Dókítà fi nǹkan yíyọ̀ pa orí ẹ̀rọ tó fẹ́ fi wo ọkàn, ó gbé e lé ọmọ láyà. Lọ́sẹ̀ yẹn, pupa yòò ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọ̀nà àbùjá kọjá máa ń hàn lójú ẹ̀rọ náà. Dókítà wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó dojú kọ ọ́, ó tún un wò.

"Dókítà, kí lẹ̀ ń wá?" ìyá ọmọ béèrè.

"Ọ̀nà yẹn. Mò ń wá a, mi ò rí i mọ́." Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti padé. Ó padé pátápátá."

Ìyá ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì àgbà ń jó pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Apòògùn já awò dúdú kúrò lójú, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pariwo, "Ó padé! Ó padé fún..."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. "Fún ògo Ọlọ́run!" ló fi parí rẹ̀ fún un. Gbogbo wọ́ọ̀dù ṣe àmín.

Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, àpòòwé inú kọ́bọ́ọ̀dù tán, iye ọmọ tí wọ́n ń wá pé, àwọn onímọ̀ ìṣirò kó ìwé lọ láti lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Dókítà àgbà kọ lẹ́tà sí ìyá kọ̀ọ̀kan pé ohun tí ọmọ rẹ̀ gbà rèé. Ìyá ọmọ wa kò tú tirẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti ń di tábìlì mú rìn, kí ni òun ń fi lẹ́tà ṣe? Ó fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ, ó gbé lẹ́tà, ó di ilé apòògùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ tú u," apòògùn sọ. Àṣírí náà ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ọjọ́ pípẹ́, ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ tú u, ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá ti kà á, kí ẹ dárí jì mí."

"Kí n tú u ṣe kí ni? Omi ni."

Apòògùn lanu. "Ta... ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni."

"Èmi? Mo wọ awò! Mo wọ ìbòmú!"

"Ta ló ń wo ojú ẹ? Ojú yẹn, ti àwọn ará ìta ni. Láti kékeré, tí nǹkan bá ń dùn ẹ́ tó ò lè sọ ọ́ jáde, etí òsì ẹ a máa gbọ̀n. Ọjọ́ tí màmá wa kú, o ò sunkún, àmọ́ ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni etí yẹn fi gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bó o ṣe ń wọlé báyìí, okùn ìbòmú tó o fi kọ́ ọ ń jó lọ jó bọ̀. Mo ní, háà, omi ni wọ́n fún wa."

Apòògùn fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ti fi gbé e kiri, kò mọ̀. "Ẹ wá ń pariwo pé oògùn ni?"

"Ọmọ mi gbọ́dọ̀ sùn. Òun náà mọ etí ẹ, èmi ni mo sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré. Kí ló dé tó o rò pé mo fi rán fìlà?"

"Ẹ ní òtútù ni!"

"Òtútù wo? Ṣebí oòrùn là ń gbé sá?"

Apòògùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde dáadáa. "Ṣebí ẹ ì bá ní kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò. Ẹ̀tọ́ yín ni."

"Mo rò ó. Mo rò ó títí. Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo tọ́ nìyí, tó bá rí i pé ewu wà, yóò sọ̀rọ̀, ì báà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, o fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ẹ bò mí lẹ́nu."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Wákàtí méjì péré ló kù kí oògùn tó dé. Mo ní kí n bá ẹ gbé àṣírí náà."

Nísàlẹ̀, ọmọ náà ti rí lẹ́tà tó bọ́ sílẹ̀, ó ti jẹ igun rẹ̀ kan tán, ó ń bá èkejì lọ, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Apòògùn fẹ́ dáhùn. Ó lanu lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo etí òsì rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n, ó na ọwọ́ télọ̀ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún le, ó rọra di etí náà mú títí tó fi dákẹ́.